Kọ̀ǹpútà Tí Mo Fi Òwú Dì

Màmá mi, ẹ kú ojúlọ́nà. Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa.

Kọ̀ǹpútà tí mo ní màá fọwọ́ ara mi tò, mo ti tò ó tán. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ tàn án, kò dún pínkín. Ni ọmọ Ìyá Aránṣọ tá a jọ ń gbé yàrá bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti wo bọ́tìnnì ẹ̀yìn rẹ̀?"

Ẹ gbọ́ o, ta ló sọ fún un pé ẹ̀yìn ni? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Mi ò wo ẹ̀yìn kankan. Òwú tí ìyá rẹ̀ fún wa nígbà tá a ń bọ̀ ni mo fi ń di kọ̀ǹpútà náà kí n tó lọ síbi iṣẹ́, kí n lè mọ̀ bó bá tú u. Òwú ò já lọ́jọ́ kan. Mo ní ó mọ kókó ta ni, ṣebí ọmọ aránṣọ ni.

Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. A ò jà rárá. Yàrá ti wá gbòòrò. Nígbà tí mo ń gbá ibi tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà, mo rí ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà tó kọjú síbẹ̀: mi ò tẹ bọ́tìnnì náà rí. Mo tẹ̀ ẹ́, ó tàn. Òun ni mo fi kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ bá mi kí Ìyá Aránṣọ. Ẹ ní àlàáfíà làwa méjèèjì wà. Kẹ́ ẹ wá fọgbọ́n bi í níbi tí ọmọ rẹ̀ ń gbé báyìí.