Màmá Alámì, Atẹ̀wé Elédè Mẹ́rin

Ọdún mẹ́rin rèé tí ẹ fi wá sílẹ̀, Màmá! Ọdún mẹ́rin! Ojoojúmọ́ la ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, ojoojúmọ́ náà la sì ń wo ẹnu ọ̀nà, bí ẹni pé ẹ máa wọlé, kí ẹ fi báàgì yín kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kí ẹ sì béèrè ta ló tún gbé àwo oúnjẹ sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Màmá Alámì! Bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè yín nìyẹn, ẹ sì máa ń fajú ro tí ẹ bá gbọ́ ọ, bí ẹni tí inú ẹ̀ ò dùn sí i. Irọ́ ni, Màmá! Inú yín ń dùn ṣìnkìn. Ta ni inú ẹ̀ ò ní dùn? Àwọn atẹ̀wé yòókù ń kọ orúkọ ọmọlọ́mọ ní ìhòòhò, wọ́n ní kọ̀ǹpútà àwọn ò ní àmì orí lẹ́tà. Tiyín ní i. Yorùbá, Faransé, Potogí, Jámánì: bọ́tìnnì méjì lẹ máa tẹ̀ pọ̀, ẹ ti bọ́ sínú èdè mìíràn bí ẹni tó kúrò ní pálọ̀ wọ yàrá. Àmì á kọ́kọ́ lọ, lẹ́tà á tẹ̀lé e, ẹ ò sì ní wo ọwọ́ yín rárá.

Ẹ kì í sì í dá tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, oníbàárà á jókòó, á máa ka iṣẹ́ rẹ̀ sókè. "Ẹ kà á bí ẹ ṣe ń pè é nílé," bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń wí fún wọn. Ohun tí etí yín bá gbọ́ ni ìka yín ń kọ. Etí yín mú, Màmá!

Orí àga yẹn ni ìjà yín pẹ̀lú Dáírẹ́kítọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ni, ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́ ní Dáírẹ́kítọ̀, torí pé láti kékeré ló ti ń pàṣẹ fún gbogbo ilé. Bí oníbàárà bá ti jókòó báyìí, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ: bọ́tìnnì tó ń gbé àmì wá rèé, bó ṣe lè tún kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ṣe nílé rèé. Ọ̀fẹ́! Ojú Dáírẹ́kítọ̀ á le koko. "Màmá, kí wọ́n má baà padà wá mọ́ lẹ ṣe ń kọ́ wọn? Ẹni tó ń ta omi kì í kọ́ aládùúgbò bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ kànga o!" Ẹ̀rín lẹ máa ń fi dá a lóhùn. "Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Kò wúwo, kò sì ní gba àyè nílé wọn."

Lẹ́yìn náà lẹ lọ. Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà yín náà fi dákú, kò sì jí mọ́. Gbogbo ètò tí ẹ ṣe sínú rẹ̀ bá a lọ. A ra tuntun, ó ń dán gbinrin, kò mọ àmì kan. Kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wa tó béèrè rí bí ẹ ṣe ń ṣe é! Ìyá ń bẹ níjòókòó, kí la fẹ́ máa béèrè fún?

La bá di aṣálẹ́tà. A ó wọnú iṣẹ́ àtijọ́ yín tó ṣẹ́ kù sórí fíláàṣì, a ó máa ṣa lẹ́tà alámì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí adìẹ ṣe ń ṣa àgbàdo, a ó mú un níbí, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀hún. Dáírẹ́kítọ̀ ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Títí ọjọ́ tó fi lọ ṣa lẹ́tà nínú káàdì ìgbéyàwó, tí odindi ìlà kan sì bá a wá. Ìwé ètò ìsìnkú ló ń tẹ̀ lọ́wọ́, Màmá! Lábẹ́ fọ́tò bíríkìlà àgbà tó dolóògbé ló kọ ọ́ sí: "A kí ọkọ àti ìyàwó, ilé ayọ̀ lẹ ó kọ́." Opó rẹ̀ kà á láàárín èrò. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá bú sẹ́kún. A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó ti bọ́, ó ti fọ́. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún wa. Ni Dáírẹ́kítọ̀ bá lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn: "A kì í gba iṣẹ́ alámì mọ́." Lára ilẹ̀kùn yín! Ó kù díẹ̀ kí iṣẹ́ ọwọ́ yín tẹ̀lé yín lọ.

Obìnrin ògbufọ̀ tó ń gbé ní òpópónà kejì ló rí ìwé náà. Kò kí ẹnikẹ́ni. "Ta ló kọ ìranù yìí? Ìyá yín ló kọ́ mi ní èyí tí mo fi ń jẹun, ẹ wá ní ẹ ò ṣe mọ́?" Ó fa àga, ó jókòó ti Dáírẹ́kítọ̀, ó sì to Yorùbá àti Faransé sínú kọ̀ǹpútà tuntun lójú wa. Jámánì ò yé e, ló bá lọ pe nọ́ọ̀sì tí ẹ kọ́ nígbà tó ń kọ̀wé sí àwọn àna rẹ̀ ní Jámánì. Fún Potogí, onígbàjámọ̀ tí ẹ kọ́ ló dé, irun oníbàárà ṣì wà lára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Oore kì í gbé, Màmá! Oore kì í gbé! Dáírẹ́kítọ̀ ń làágùn nídìí kíbọ́ọ̀dù, onígbàjámọ̀ ń pariwo lé e lórí: "Àmì kọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n, àmì kọ́kọ́!" Bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ gan-an ló ṣe sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n wa gbé orí lé tábìlì, ó sunkún. Kò sunkún níbi ìsìnkú yín.

Kékeré, àbíkẹ́yìn yín, ti jáde ilé ìwé, òun ló ń darí iṣẹ́ báyìí, ó sì ti fi èdè karùn-ún kún un. A ti pààrọ̀ òrùlé ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ti fẹ̀yìn tì; wọ́n ń wá ka iṣẹ́ sókè fún wa láràárọ̀, wọ́n á fo ìlà, wọ́n á ní àwa la ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ẹ ti ní ọmọ-ọmọ obìnrin. Dáírẹ́kítọ̀ ló tẹ orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àmì tó pé pérépéré. Ọkùnrin yẹn náà ló wá ń bínú báyìí tí oníbàárà bá ń kánjú, tí kò dúró kí òun kọ́ ọ!

Iṣẹ́ yín kò kú, Màmá. Gbogbo èdè tí ẹ mọ̀ ni kọ̀ǹpútà yìí ń kọ, a sì ti fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ orúkọ yín wò. Kò sí èyí tí a fi pè yín tí ẹ jẹ́ wa. Bàbá, Dáírẹ́kítọ̀, Kékeré, gbogbo wa la ṣì ń sàárò yín, a sì nífẹ̀ẹ́ yín ju ọjọ́ tí ẹ lọ.