Ìró Ìyá Rófíà Lẹ́nu Ọ̀nà Balùwẹ̀

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Láti òní lọ, òógùn kò ní ibùgbé mọ́ nílé ẹ̀kọ́ wa. Ìmọ́tótó ti gorí oyè, kò sì ní sọ̀kalẹ̀ mọ́ láéláé. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o. Alága ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ló sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lẹ́nu, lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé ìwẹ̀ tuntun fún àwọn ọmọ tó ń sáré. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ńlá kí yín, kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ibi tí ọmọ yín wà kì í ṣe ibi kékeré.

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti abúlé tí mo ń gbé lẹ́yìn Erunmu. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi lóko, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí àbúrò mi tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Kó rọra kà á, kó má sì fo ibi tí mo bá ti bú èèyàn. Inú ìwé ìròyìn ni mo fi lẹ́tà yìí sí kí gbogbo èèyàn lè rí i kà, torí gbogbo agbo ilé ló ń béèrè bóyá mo ṣì wà láyé.

Mo wà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ pupa ibí sì ń lẹ̀ mọ́ bàtà bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Owó ìfẹ̀yìntì ń dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń sinmi lọ́nà. Láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ ti lọ, tí àwọn ọmọ sì ti tú ká, ilé máa ń dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mo bá sín, èmi náà ni mo máa ń kí ara mi ní pẹ̀lẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé ní kí n máa wá kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní eré sísá, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Èmi tí orúnkún ń dùn! Fèrè ni mò ń fọn, àwọn ni wọ́n ń sá.

Ilé ìwẹ̀ ọ̀hún dára lóòótọ́. Omi ń tú láti òkè, ilẹ̀ rẹ̀ sì ń dán débi pé ewúrẹ́ kan yọ̀ ṣubú níbẹ̀ lọ́jọ́ ìṣílé. Àmọ́ gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ni, ó ṣí gbayawu, kò sí ògiri láàárín, kò sí ilẹ̀kùn. Alága ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lókè òkun, òun fojú ara òun rí i. Ọ̀gá ilé ìwé ní ó tilẹ̀ dára bẹ́ẹ̀, kí olùkọ́ ètò ìlera lè dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé orúkọ, kó máa wo ẹni tó fi ọṣẹ sí abíyá àti ẹni tí kò fi sí i. N kò dá a lẹ́bi tán: kíláàsì tó bá tẹ̀lé eré sísá, òórùn ibẹ̀ lè lé ẹ̀fọn jáde. Ó wá ṣòfin pé ẹni tó bá sáré tí kò wẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì.

Àwọn ọmọ wọ ibẹ̀ taṣọtaṣọ, wọ́n da omi sẹ́sẹ̀, wọ́n fi ọṣẹ pa ọrùn, wọ́n ní àwọn ti wẹ̀. Olùkọ́ ìlera, tí ojú ń ti òun náà, wo sánmà, ó sì fi àmì sí orúkọ wọn. Rófíà, tó yára jù nínú wọn, kò lè purọ́. Ó ní òun kò wẹ̀, òun kò sì ní bọ́ra lójú èèyàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá a padà sílé. Lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá rẹ̀, tó ń gbin ẹ̀gẹ́, ránṣẹ́ pé eré ti parí: ọmọ òun kì í ṣe àgùntàn tí wọ́n ń wẹ̀ ní gbangba, ẹsẹ̀ tó mọ eré sá yóò mọ ọ̀nà oko náà. Ìdíje ìjọba ìbílẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́jọ, pápá wa ni wọ́n sì ti fẹ́ ṣe é.

Mo wọ bàtà mi, mo lọ bẹ̀ ẹ́. Bàbá Rófíà fún mi ní àga, ó fún mi lómi, ó sì fún mi lọ́rọ̀. Ó ní ṣé èmi tí mo jẹ́ ìyá ni mo fẹ́ kí ọmọ òun wẹ̀ níbi tí kò ní ilẹ̀kùn? Bí mo ṣe fẹ́ dáhùn ni mo gbójú sókè, mo sì rí balùwẹ̀ ilé wọn: ògiri búlọ́ọ̀kù tó ga dé èjìká, kò ní òrùlé, kò sì ní ilẹ̀kùn. Aṣọ ìró ìyá Rófíà ni wọ́n fi kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ìyá náà ń wẹ̀ nínú, ó ń kọrin. Ọkùnrin kan fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Ó rí ìró, ó wúkọ́, ó yà sí ọ̀nà mìíràn. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa náà nìyẹn, ìyá mi. Ìró aláró yín ló ṣọ́ gbogbo wa dàgbà. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ni, mo ti gbàgbé!

Mo nàka síbẹ̀. Bàbá Rófíà wo balùwẹ̀, ó wò mí, ẹ̀rín sì pa wá. Ìyàwó rẹ̀ ké láti inú omi pé ta ni wọ́n ń rín.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá náà gbé ọparun, okùn àti ẹní wá, ó sì pín gbọ̀ngàn sí yàrá kéékèèké mẹ́fà. Àwọn ọmọ mú ìró ìyá wọn wá. Ìró tó bá wà lẹ́nu ọ̀nà, èèyàn wà nínú rẹ̀, ó parí. Olùkọ́ ìlera lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní kí ọmọ ṣáà gbé ọṣẹ wọlé, kó sì bá òórùn ọṣẹ jáde, imú òun tó òun lò. Ọṣẹ tí kì í tán tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Alága wá wò ó, ó ní a ti sọ ilé ìwẹ̀ tó bá ti àgbáyé dọ́gba di ìsọ̀ aláṣọ.

Lọ́jọ́ ìdíje, Rófíà ló gba ipò kìíní. Bàbá rẹ̀ bá a sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Alága gbé ẹ̀bùn dání, ó pe orúkọ ọmọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí Rófíà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí wọ́n ní sùúrù, ó ń wẹ̀. Alága ní kí wọ́n lọ mú un jáde. Wọ́n ní rárá o, ìró wà lẹ́nu ọ̀nà. Ni alága bá dúró nínú oòrùn, agbádá rẹ̀ rin gbingbin, títí ọmọ fi yọ, tó ń ta sánsán. Mo rẹ́rìn-ín títí orúnkún mi fi gbàgbé pé òun ń dùn mí.

Ìyá mi, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Ara yín á le, ojú ò ní tì yín, ẹ ó jẹ iṣu tuntun ọdún yìí àti ti ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà, àti ẹni tó ń bínú sí mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Àwa olùkọ́ ní ilé ìwẹ̀ tiwa lẹ́yìn ọ́fíìsì. Ó ní ilẹ̀kùn, ó ní kọ́kọ́rọ́. Mo béèrè ohun kan nínú ìpàdé, gbogbo wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà wọn: ta ló máa ń yẹ̀ wá wò, bóyá àwa náà fi ọṣẹ wẹ̀?