Igun Tí Wọ́n Ń Pè Ní Saldo

Talisayan, Iloilo
Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn àjọ̀dún Mikaeli Mímọ́

Saldo, ọmọ mi,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kí ó bá Marivic aya rẹ àti àwọn ọmọ bákan náà. Ẹ kú ìfaradà òtútù Winnipeg. Ara tèmi náà le, bí a bá yọ ti orúnkún kúrò, orúnkún arúgbó kò sì yẹ fún ìròyìn. Mo mọ̀ pé a lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dárúkọ Dolfo, o máa ń sọ pé àwọn ọmọ ń pè ọ́. Ẹnikẹ́ni kì í pe lẹ́tà kúrò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Jọ̀wọ́, kà á dópin.

Mi ò gbàgbé ohun tí o sọ lọ́jọ́ tí o ń lọ. O ní kì í ṣe ife ẹ̀yẹ tí ẹ pàdánù ní Manila ló ń dùn ọ́. Ohun tó ń dùn ọ́ ni pé Dolfo sọ fún àwọn oníròyìn, ó sì tún sọ ọ́ lójú rẹ, pé òun kò rí ọ. O ní níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì yí ọ̀rọ̀ yẹn padà, ẹ kò ní jọ rìn lójú pópó kan náà mọ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti darúgbó lórí gbígbà yẹn.

Ìwọ náà lo mọ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ jù. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ fi sílípáàsì kọ́ bọ́ọ̀lù alágbọ̀n lórí kọnkéré iwájú ṣọ́ọ̀ṣì níbí, ẹgbẹ́ kan náà ní Manila ló sì gbà yín. Ìwọ ń gbé bọ́ọ̀lù fún un, òun ń jù ú sínú agbọ̀n. Àwọn òǹwòran sọ ọ́ ní Buwaya, nítorí pé ohun tó bá ti bọ́ sí ọ̀nì lẹ́nu kì í jáde mọ́. Èébú ni lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tí bọ́ọ̀lù náà ń wọlé, ó di oríkì. Títí di ọjọ́ àṣekágbá yẹn, tó ku àmì kan péré, tí ẹni méjì fò mọ́ ọn, tí ìwọ nìkan dá wà ní igun pẹ̀lú ọwọ́ lókè. Ó jù ú fúnra rẹ̀, kò sì wọlé. Irin agbọ̀n lọ́ọ̀ọ́kán ni mo rí lórí tẹlifíṣọ̀n nílé Kapitan, olórí àdúgbò wa. Kámẹ́rà kò fi igun náà hàn, yálà lọ́jọ́ yẹn tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí o kò mọ̀ nìyí. Orúnkún Dolfo yẹ̀ kí ó tó pé ẹni tó yẹ kó fẹ̀yìn tì. Ó di igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá ní yunifásítì kan ní Manila, níbi tó ti ń gbé aṣọ ìnura àti omi ju bó ṣe ń kọ́ni lọ. Nígbà tí ọ̀gá tuntun dé, wọ́n ní kó máa lọ. Ó padà wálé pẹ̀lú báàgì kan àti fèrè kan, Kapitan Melchor sì fi ẹgbẹ́ Talisayan lé e lọ́wọ́. Ọdún kìíní, wọ́n pàdánù. Ọdún kejì, bákan náà. Lọ́dún yìí, Kapitan sọ lójú gbogbo èèyàn pé bí ife àjọ̀dún kò bá wálé, òun yóò ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin kan ní Iloilo City tó ní ìwé ẹ̀rí. Dolfo kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, ta ni yóò gba arọ?

Ìkórè wá bọ́ sí àkókò ìdánrawò. O mọ ẹni tó ni pápá nígbà ìkórè. Lola Sabel, ìyá àgbà wa, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sá ìrẹsì láti òpó agbọ̀n kan dé èkejì, etí pápá nìkan ló kù. Akọ́nimọ̀ọ́gbá mìíràn ì bá jà. Dolfo to àwọn ọmọ sí etí yíká, bọ́ọ̀lù sì ń fò lórí ìrẹsì látọwọ́ ẹnìkan sí ẹlòmíràn, nítorí kò sí àyè láti gbá a nílẹ̀. Ẹni tó bá jù ú tó bọ́ sórí ìrẹsì, òun ni yóò fi igi yí gbogbo ìrẹsì olóhun. Lola Sabel jókòó sábẹ́ agboòrùn rẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n pé, “Ẹ jù ú síbí, ẹ̀yin ọmọ mi, tèmi ò tíì gbẹ o.” Rodel tó mọ̀ ọ́n gbá jù nínú wọn ní, “Lola, ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ ká pàdánù.” Ìyá náà ní, “Ṣé ife lẹ máa sè jẹ ni?”

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ orúkọ rẹ. Mo ra búrẹ́dì, mò ń kọjá lọ, àwọn ọmọ náà ń pariwo pé, “Saldo! Saldo!” Ẹsẹ̀ mi dúró. Mo bi Efren, ọmọ obìnrin tó ń ta ẹja gbígbẹ, pé ta ni Saldo. Ó wò mí bí ẹni tó yẹ kó ti mọ̀. “Kì í ṣèèyàn, Tíṣà. Igun ni. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ tí wọn ò dí, òun ni Saldo. Kóòṣì ní bá a bá gbọ́ ọ tá ò jù ú síbẹ̀, ká bọ́ aṣọ ẹgbẹ́ sílẹ̀.” Mo wo Dolfo lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ń wo ìrẹsì. Mo bá tèmi lọ.

Lọ́jọ́ àṣekágbá, àwọn apẹja Punta Baybay la bá pàdé. Ó ku àmì kan, àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Rodel, ẹni méjì sì fò mọ́ ọn. Gbogbo ìlú ń ké pé kó jù ú fúnra rẹ̀. Lórí ìjókòó ẹgbẹ́ wa, ohùn kan ṣoṣo ni mo gbọ́, ti Dolfo: “Saldo!” Rodel jù ú fún Efren ní igun. Kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí rẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà yí ẹnu agbọ̀n po bí àlejò tó ń wá ojúlé, ó sì jáde síta. Fèrè dún.

Àwọn ará Punta Baybay ní ká wá wo ọ̀nì tí kò léyín mọ́. Tiwa burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ń béèrè ta ló ń gbé ife fún ọmọ ẹlẹ́ja. Efren fi aṣọ bo orí. Dolfo tiro dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ká aṣọ náà kúrò.

“Ta ló ni bọ́ọ̀lù yẹn?”

“Rodel ni, Kóòṣì.”

“Irọ́. Ìwọ ni wọn ò dí, ìwọ lo ni ín. Lọ́la, wàá tún jù ú.”

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé bọ́ọ̀lù pẹ́ kó tó dé, pé ọwọ́ ọ̀tún lòun nà sókè, Rodel ò sì tètè rí i. Dolfo dá a lóhùn bí ẹni tí kò ronú kó tó sọ̀rọ̀: “Òsì ni kó o máa gbé níbẹ̀. Ọ̀tún, ẹni tó ń sáré bọ̀ á bò ó. Òsì ni Saldo gbé.”

Iwájú gan-an ni mo jókòó sí. Ojú wa ṣe mẹ́rin.

Mo ní, “Dolfo, tẹlifíṣọ̀n ò fi igun yẹn hàn.”

“Mo mọ̀, Tíṣà.” Ó jókòó tì mí. “Mo rí i. Mo rí ọwọ́ rẹ̀, mo rí i tó ń pe orúkọ mi. Mo rò pé màá jù ú wọlé ni.” Ó ní láti ọjọ́ náà lòun ti ń sọ fún ara òun pé ká ní òun jù ú fún ọ ni, ife ì bá jẹ́ tiyín. “Àmọ́ ẹ wò ó, Rodel ṣe é bó ṣe tọ́, a ṣì pàdánù. Kì í ṣe ife ni mo gbà lọ́wọ́ Saldo.”

Kapitan ti ń bọ̀ pẹ̀lú ojú líle. Lola Sabel ló dá a lọ́nà. Ó béèrè bóyá ọmọ Iloilo City náà mọ ìrẹsì í yí, nítorí àwọn ọmọ Dolfo mọ̀ ọ́n. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, Kapitan ní ká jẹ́ kí ìkórè kọjá ná. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà wà títí di òní.

Dolfo ti tọrọ nọ́ńbà fóònù rẹ lọ́wọ́ mi. Mi ò fún un. Mo ní ọwọ́ rẹ ni àṣẹ rẹ̀ wà, n ó kọ́kọ́ bi ọ́. Mo wá ń bi ọ́ báyìí, Saldo: ṣé kí n fún un?

Ọ̀nà rẹ yóò là, ilé rẹ yóò tòrò. Àwọn ọmọ rẹ yóò gbọ́ tìrẹ bí ìwọ ṣe gbọ́ tèmi. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a kí ara wa lórí àwòrán nìkan.

Èmi ni baba rẹ tí ń retí èsì,
Anselmo Dumalagan

Àfikún: Àwọn ọmọ náà ti wá mọ̀ pé èèyàn ni Saldo. Efren bi mí pé, ká ní bọ́ọ̀lù náà dé ọwọ́ rẹ, ṣé ì bá wọlé. Mo ní èmi kò mọ̀, Dolfo pàápàá kò mọ̀. Mo ní kó fi ìbéèrè yẹn dè ọ́.