Tíṣà Tí Kò Rí Wa

Ilé Aránfìlà,
Ẹ̀yìn Mọ́ṣáláṣí Kékeré,
Bẹyẹrúnká, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Àlàmísì.

Karimat, Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìdúró, jókòó kí o tó kà á, bó bá sì bá ọ lórí ìjókòó, má ṣe dìde. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé Èkó ò le jù? Ọlọ́run Ọba ò ní jẹ́ kí ilẹ̀ tí o ń tẹ̀ yọ̀ ọ́. Iṣẹ́ tí o ń ṣe, wọn ò ní fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ. Mọ́tò tí o ń wọ̀, awakọ̀ rẹ̀ ò ní sùn lọ. Ṣé o ti ṣe àmín? Ṣe é kí n lè máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Kúlúsúmù ìyá rẹ kí ọ. Ó ní ẹsẹ̀ tó ń dun òun ti fúyẹ́, àmọ́ kí n má kọ ọ́ pé ó ti fúyẹ́, kí ìpara tí o máa ń fi ránṣẹ́ má baà dáwọ́ dúró. Mo ti wá kọ ọ́ báyìí, ṣe bí ẹni tí kò rí i. Páànù ìdí ilé tún ti jò, a fi ike bò ó. Ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan jọ ewúrẹ́ ilé kejì, àwọn ará ilé kejì sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò wá níwòkuwò.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé ìwé ni mo kọ, tí mi ò pè ọ́. Fóònù kan ṣoṣo tó wà nílé, inú rẹ̀ ni tíṣà Waliyat wà, mi ò sì mọ bí èèyàn ṣe ń pe ọmọ rẹ̀ kọjá lórí àlejò. Ìdí kejì ń bẹ níwájú, wàá bá a níbẹ̀. Jamilah ará ilé kejì ló ń bọ̀ wá ra ọjà ní Ìdúmọ̀tà, òun ni mo fi ìwé yìí rán, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ kò dí ìyẹn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí bírò ni ti Waliyat àbúrò rẹ. Nínú ohùn tí o fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, o ní fóònù tìrẹ ń fi hàn ọ́ pé ojú kan náà ni ọmọ náà dúró sí nínú ẹ̀kọ́ tí ò ń sanwó rẹ̀, pé pupa nìkan ni ò ń rí. O ní tó bá di ìparí oṣù, o ò ní san án mọ́, kí n mú un lọ bá Fọláṣadé aránṣọ ní Òkè Bọ́lá kó lọ kọ́ṣẹ́. Karimat, mo gbọ́. Mo tilẹ̀ ti lọ. Fọláṣadé ní kó máa bọ̀, ó ní ẹ̀rọ kan ṣófo. Àmọ́ nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ láti ìgbà yẹn, ó sì yẹ kí o gbọ́ ọ kí o tó pa ilẹ̀kùn dé.

Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ pé o rí ilé ẹ̀kọ́ ìṣirò kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ti ń múra àwọn ọmọ girama sílẹ̀ fún yunifásítì, mo bi ọ́ pé àdúgbò wo ló wà, o ní kò sí ní àdúgbò kankan. Mo ní Èkó ni, bí nǹkan wọn ṣe máa ń rí nìyẹn. Àmọ́ ìwọ náà mọ̀ pé nílé wa a kì í ju ọmọ sílẹ̀ fún ọ̀gá bí ẹni ju ẹrù sílẹ̀ ní gáréèjì. Nígbà tí mo fẹ́ kọ́ fìlà rírán, bàbá mi ló fà mí lé ọ̀gá mi lọ́wọ́. Ó wọ agbádá, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọkùnrin tí kò tó o lọ́jọ́ orí, ó ní ojú rẹ̀ ni òun ó máa fi wò mí.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ̀kọ́ Waliyat bẹ̀rẹ̀, mo wẹ̀, mo wọ agbádá Iléyá, mo dé fìlà tí mi ò tíì tà, mo jókòó síwájú fóònù. Ọkùnrin náà yọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní Akínwùmí ni òun ń jẹ́. Mo ní ẹ kú àbọ̀. Mo ní ọmọ mi rè é, bó bá ṣe dáadáa ẹ yìn ín, bó bá ṣe àìdáa ẹ bá a wí, ojú yín ni mo fi ń wò ó. Kò dá mi lóhùn, ó ti kọjú sí pátákó. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ọkùnrin yìí kì í fi iṣẹ́ ṣeré.

Ìyá rẹ ní òun gbọ́, àmọ́ kò bójú mu kí ọmọbìnrin tó ti dàgbà máa dá jókòó ti ọkùnrin tí a ò mọ ilé rẹ̀. Mo rí i pé òótọ́ ló sọ. Bí mo ṣe kó abẹ́rẹ́ àti fìlà mi wá sí pálọ̀ nìyẹn, tí mo ń jókòó tì wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sán, láti ìgbà tí a bá ti kírun Àìlà títí di Alásárì.

Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, mi ò ní parọ́. Waliyat a máa fi ìka kàn án lójú, á dúró gbagidi pẹ̀lú ẹnu ní yíyà, mo bá ọmọ náà wí títí pé a kì í dí àgbà lẹ́nu báyẹn. A tún máa dá a padà pé kó tún ọ̀rọ̀ sọ, á tún un sọ, kò ní yí ohùn padà, kò ní kanra. Mo ní ìyá tó bí ẹni yìí kò jìyà lásán. Nínú oṣù Ààwẹ̀, mo ṣàkíyèsí pé kì í fẹnu kan omi rárá, mo sọ fún ìyá rẹ pé Akínwùmí lorúkọ rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ta ló mọ ọ̀nà tí Ọlọ́run ń gbà. Bí dátà bá tán, tí nǹkan róbótó bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lójú rẹ̀, èmi ni mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, ọmọ ti lọ rà á. Ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní ẹ́kìsì sì wà tí wọ́n ń wá. Kò sọ́jọ́ tí wọn kì í rí i, kò sì sọ́jọ́ tí kì í tún sọnù. Mo tiẹ̀ ti fi í sínú àdúrà.

Bí ẹ̀kọ́ bá parí, wọn á bi í ní ìbéèrè kí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ tó kàn tó ṣí. Waliyat á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á dojú fóònù bolẹ̀, á ní Bàbá, ó parí fún òní. Mi ò mọ̀ pé ẹnu ilẹ̀kùn kan náà lọmọ mi ti ń sùn tó ti ń jí.

Lọ́jọ́ tí mo ti Òkè Bọ́lá dé, òjò ṣú lọ́sàn-án, Waliyat sì sáré lọ ká aṣọ lẹ́yìnkùlé. Tíṣà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó bi ìbéèrè, ó dúró díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó mi orí, ó ní fẹ́ẹ̀rì gúùdù. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Èmi nìkan ni mo wà ńbẹ̀, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi. Mo rò pé èmi ló yìn, mo ní ẹ ṣé o. Nígbà tí Waliyat wọlé mo ròyìn fún un pé tíṣà ti yin èmi náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ó fi aṣọ tó kó dání bojú, ìgbà tó ṣe mo rí i pé kì í ṣe ẹ̀rín mọ́.

Ó ní, "Bàbá, kò rí wa. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí mo gbà á, á ní mo ṣe dáadáa. Bí mo ṣì í, á ní mo ṣe dáadáa. Kò sì yé mi, Bàbá. Kò yé mi rárá."

Àṣàkẹ́, ojú kọ́kọ́ tì mí, nítorí gbogbo fìlà tí mo ti dé fún ọkùnrin yẹn. Lẹ́yìn náà inú bí mi sí i. Ìgbà tó yá ni mo rò ó pé kò ṣẹ̀ mí, òun náà ló dúró sínú yàrá kan tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí kò rí, tó ń sọ fún ògiri pé ó ṣe dáadáa. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Àmọ́ àánú ọmọ mi ló pọ̀ jù, nítorí mo ti fà á lé ẹni tí kò gbà á lọ́wọ́, mo sì jókòó tì í bí ẹni ṣọ́ olè, mi ò mọ̀ pé ó ń rì.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀. Ọwọ́ mi ló máa ń wò. Bí abẹ́rẹ́ mi bá fẹ́ yà, kó tó yà ni yóò ti wúkọ́. Ó ti kú, Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ, síbẹ̀ bí mo bá fẹ́ rán fìlà wọ́ lónìí, mo ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Mo wo Waliyat, mo ní ta ló ń wúkọ́ fún èyí?

Mo ní kó nu ojú rẹ̀ nù, kó sọ ohun tí ọkùnrin náà wí fún mi. Ó ní kò lè yé mi. Mo ní kò yé òun náà, ẹgbẹ́ ni wá, kó sọ ọ́. Ó fi gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, mo ní èdè tí wọ́n fi bí i ni kó fi sọ ọ́. Ó wá ní igi kékeré méjì tó dùbúlẹ̀ sáàárín yẹn ń sọ pé ohun tó wà lọ́tùn-ún bá ti òsì dọ́gba. Mo ní wọ́n ṣe wá dọ́gba tí wọn ò jọra? Ó ń họ orí. Ó wá ní kí n wò ó bí ilé ìyàwó méjì. Ìyáálé wà lápá kan, ìyàwó wà lápá kejì, ẹrù inú yàrá wọn ò jọra, àmọ́ baálé ti búra pé òun ò ní kẹ́ ọ̀kan ju ìkejì lọ. Bó bá mú iṣu mẹ́ta lọ́dọ̀ ìyáálé, kó yáa mú mẹ́ta lọ́dọ̀ ìyàwó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ilé ò ní rójú. Ẹ́kìsì tí wọ́n ń wá, àpò kan tí wọ́n dì lẹ́nu ni, ó wà ní yàrá ìyáálé. Wọn á máa kó ẹrù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò títí yóò fi ku òun nìkan, ohun tó bá ṣẹ́kù lọ́dọ̀ ìyàwó, iye tó wà nínú àpò nìyẹn. Ìyá rẹ pariwo láti ibi ìdáná pé ta ló fẹ́ mú ìyàwó wọlé, a ní ìṣirò ni.

Bí a ti ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Bí tíṣà bá sọ tiẹ̀ tán, Waliyat á fi ìka dá a dúró, á kọjú sí mi, á sọ ọ́ fún mi. Mi ò mọ èyí tó gún, mi ò mọ èyí tó wọ́. Àmọ́ mo mọ ojú ọmọ mi. Bó bá dé ibi tí ojú rẹ̀ ṣú díẹ̀, mo máa ń wúkọ́ ni. Á wo ìwé rẹ̀, á ní, ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, mo ti ṣì í lókè, á pa á rẹ́. Ó rò pé eruku ló ń ṣe mí, ó ti ra oyin fún mi.

Lánàá ilẹ̀kùn náà ṣí. Bébà aláràbarà ń já bọ́ lójú fóònù, mo rò pé wọ́n ń náwó fún un ni, mo ní kó tètè ṣà á kí dátà tó tán. A ò rí nǹkan kan ṣà. Àmọ́ ọmọ náà jó yí tábìlì po, ìyá rẹ fi ẹsẹ̀ tí kò fẹ́ kí n sọ pé ó ti fúyẹ́ bá a jó. Wo fóònù tìrẹ, wàá rí i pé ó ti kúrò ní pupa.

Mo ti padà lọ bá Fọláṣadé pé kó fi ẹ̀rọ yẹn fún ọmọ ẹlòmíràn. Bínú bó bá ṣe é bínú, mo ti lọ ná. Ilẹ̀kùn tó kù ṣì pọ̀, ìdánwò yunifásítì sì ti súnmọ́lé, nítorí náà jọ̀wọ́, má dá a dúró. Fi owó dátà ránṣẹ́, fi ti ìpara sí i, bí ó bá ṣẹ́kù, òwú fìlà mi ti ń tán lọ. Bí kò bá sì sí èyíkéyìí níbẹ̀, mú owó ọkọ̀ nínú ohun tó bá wà lọ́wọ́, kí o wálé ní Iléyá.

Bí o bá dé, jókòó sí ipò mi kí n lè sinmi. Waliyat yóò fẹ́ ṣàlàyé fún ọ. Ìwọ ti jáde yunifásítì, o mọ̀ ọ́n tipẹ́, àmọ́ mo bẹ̀ ọ́, má sọ pé o mọ̀ ọ́n. Bi í pé báwo. Ìdí kejì tí mo fi kọ ìwé nìyí, tí mi ò pè ọ́ létí rẹ̀: ọ̀rọ̀ ìyàwó méjì yẹn ti yé mi láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé kò yé mi, ojoojúmọ́ ló sì ń tún un sọ, ohùn rẹ̀ sì ń le sí i. Má jẹ́ kó mọ̀. Ya ìwé yìí bí o bá kà á tán.

Ọlọ́run yóò ṣí ilẹ̀kùn fún ìwọ náà, wọn ò ní pa á dé mọ́ ọ lójú. Níbi tí o wà lÉkòó yẹn, tí gbogbo èèyàn ń sọ fún ọ pé o ṣe dáadáa, Ọlọ́run yóò fún ọ ní ẹni tí yóò máa wúkọ́.

Èmi ni bàbá rẹ tí ìṣirò kò yé,
Sàídì Aránfìlà.