Ẹ Má Tíì Da Ìgò Abẹ́ Àtẹ̀gùn Nù: Ìkẹ́dùn Lórí Jẹ́-Ó-Mí

Sí ìyàwó olóògbé àtàwọn ọmọ,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ tó mú kí kálàmù wúwo lọ́wọ́ ni Ẹgbẹ́ Atọ́wáìnìwò fi ń kọ̀wé yìí sí yín. Ikú ti ṣe wá bó ṣe wù ú. Ọkọ yín, tí gbogbo wa ń pè ní Jẹ́-Ó-Mí, ti fi àga rẹ̀ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó láyà láti jókòó síbẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ ibi tí orúkọ yẹn ti wá. Bí a bá ṣí ìgò wáìnì pupa tó ti gbó, tí ọ̀fun ti ń yún wa, olóògbé á fọwọ́ bo ẹnu ife, á ní ká jẹ́ ó mí ná. Ó ní ohun tí wọ́n ti sé mọ́nú ìgò láti ọjọ́ pípẹ́, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹ́ sí i. Òun ló kọ́ wa láti gbé ife méjì síwájú, ká gbóòórùn èkíní, ká gbóòórùn èkejì, ká tó lanu sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni o, nítorí àwọn kan wà nínú wa tó jẹ́ pé ìwé ara ìgò ni wọ́n ń yìn.

Ìgò méjì kan wà tí òun àti alága ẹgbẹ́ wa fi ń bára wọn jiyàn. Ọdún tí ẹ ṣègbéyàwó ni wọ́n ṣe wáìnì inú wọn nílẹ̀ Faransé, láti ọgbà àjàrà kan náà. Ọ̀kan wà ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ ẹgbẹ́, èkejì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé yín. Alága ní tiwa ni yóò gbó dáadáa, torí òtútù ibẹ̀ kì í yí padà. Olóògbé ní irọ́ ni, pé ẹ̀yin lẹ̀ ń tọ́jú tilé, òun ò sì rí ohun tí ẹ tọ́jú tó bàjẹ́ rí. Àyájọ́ ìgbéyàwó yín tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi méjèèjì wéra. Ikú ò dúró.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsìnkú, alága ṣí tiwa. Ó bu ti olóògbé síwájú àga rẹ̀, ó sì gbé tara rẹ̀ sẹ́nu lójú ẹsẹ̀. Wáìnì náà ń rùn bí aṣọ tútù tí wọ́n ká sínú àpótí. Alága ní ó ti bàjẹ́, ó sì ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí yín.

Àbúrò yín ti wá sọ ohun tí iṣẹ́ yẹn dá sílẹ̀. Ó ní ẹ ò jẹun, ẹ kàn ń ṣí àwọn ìgò ọkọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ń dà wọ́n sínú síǹkì. Ó ní ẹ ní bí ti ọdún ìgbéyàwó bá lè bàjẹ́, kí lẹ tún ń tọ́jú. Ó ní ti abẹ́ àtẹ̀gùn nìkan ló kù.

Ìyàwó wa, a fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹnu wa ló yá jù. Nígbà tí a sunkún tán, tí a fẹ́ kó ife nílẹ̀, alága gbé ti olóògbé, èyí tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Òórùn burúkú yẹn ti lọ. Wáìnì náà ti jí, ó ń ta sánsán. Àwa tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́, ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀ gan-an la ò jẹ́ kó mí. Alága jókòó sórí ilẹ̀, ó ń ké bí ọmọdé, títí di òní kò tíì gba ìpẹ̀.

Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ yóò máa wá bá yín jẹun lójoojúmọ́, ẹ báà kọ̀. Àga Jẹ́-Ó-Mí ti di tiyín. Ọjọ́ tó bá wù yín, ẹ gbé ìgò yẹn wá. Bó bá sì bàjẹ́ lóòótọ́, a ó jọ mu ún bẹ́ẹ̀.

Kí Ọlọ́run tó fi èémí sínú ènìyàn fọwọ́ tọ́ ọkàn yín. Kí ó ṣọ́ àwọn ọmọ, kí ẹ gbó, kí ẹ tọ́. Ṣùgbọ́n lónìí yìí ná, ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mí.

Àwa ọmọ Ẹgbẹ́ Atọ́wáìnìwò.