Òpó Kan Di Méjì

Àbúrò mi,

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni mí, mi ò gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Dókítà ojú tí o ní kí n lọ rí, ìwọ ni kó o lọ rí i! Awò olójú méjì tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n ń kó wá fún mi láti tún ṣe, ni kò dára. Bí ojú rẹ̀ méjèèjì bá gún régé, òpó iná kan ṣoṣo ló yẹ kí n rí lódìkejì títì. Mọ́kànlá ni mo yẹ̀ wò lánàá, méjì-méjì ni gbogbo wọn ń fi hàn mí.

Ọ̀gá mi ní, "Màmá, ẹ lọ sinmi." Ìsinmi kọ́, ìsìnkú ni!

Ara mi le. Bá mi kí ìyàwó rẹ.

Awò bàbá wa tí o yá lọ́wọ́ mi nígbà ìgbéyàwó yín, ìyẹn ò parọ́ fún mi rí. Dá a padà.