Ìsun Omi Tó Ń Jẹ́ Bàbá Kékeré

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ọwọ́ lómi, mo kí ọkọ rẹ kú ìnáwó. Ọlọ́run tó jẹ́ ká gbóhùn ìyá tá a gbóhùn ọmọ kò ní jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ ṣófo. Ọmọ tí o bí yẹn yóò sùn, ìwọ náà yóò rí oorun sùn. Àwa náà wà, a ń dúpẹ́. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dà á láàmú, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí o ti ṣe ilé ìgbẹ́ olómi sínú ilé fún wa, kì í rìn lọ sí ṣáláńgá ẹ̀yìnkùlé nínú òjò mọ́. Bó bá ti jókòó síbẹ̀ báyìí, àdúrà ló máa ń ṣe fún ọ. Mo máa ń gbọ́ ọ láti pálọ̀.

Jẹ́ kí n má fọ̀rọ̀ falẹ̀, inú mi ń dùn jọjọ. Ọmọ mi, a ti rí ìsun omi! Ẹ̀yìnkùlé wa níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yàrá tí o ń sùn nígbà tí o wà lọ́mọdé. Gbogbo koríko àdúgbò ló ti gbẹ, ọ̀dá ọdún yìí kò ṣeré rárá, àmọ́ tiwa tutù yọ̀yọ̀, ó ga dé orúnkún. Mo kọ́kọ́ rò pé ìyá rẹ ló ń da omi ìfọṣọ síbẹ̀, ó ní òun kọ́. Nígbà tó yá, ilẹ̀ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Mo bá mú ọkọ́, mo gbẹ́ ẹ díẹ̀, àfi gbùà tí omi yọ! Igbe tí mo ké pọ̀ débi pé káfíńtà tó wà níwájú ilé wa ju òòlù sílẹ̀ ó sáré wá, ó rò pé ejò ló bù mí jẹ.

Òórùn rẹ̀ le díẹ̀, n kò ní purọ́ fún ọ. Ìyá rẹ ní ó ń rùn. Mo ní omi tó tinú ilẹ̀ wá, kí ló fẹ́ kó máa ta, ṣé lọ́fínńdà ni? Oògùn wo ló dáa tí kì í rùn? Ọ̀rọ̀ náà wọ káfíńtà létí, ó bu omi náà, ó fi bọ́jú, ó ní ojú òun ti ń ríran ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ilé ìgbẹ́ pàápàá ti mọ̀ pé ohun ńlá ti wọlé wa. Bí mo bá da omi sí i, yóò kọ́kọ́ dákẹ́ bí ẹni tó ń ronú, omi yóò wá máa rọra lọ, lẹ́yìn náà yóò dún kulúkulú bí àgbàlagbà tó jẹun yó. Mo máa ń sọ fún un pé ó kú iṣẹ́. Bí mo bá sì ń wẹ̀, omi á dúró ti ẹsẹ̀ mi, kò ní fẹ́ lọ. Mo ní agbára ìsun náà ni. Ṣé o rántí ìgbà tí mo pè ọ́ lórí fóònù, tí o ní ṣé nǹkan ń hó lórí iná ni? Ìsun náà ni o! Mo gbé fóònù sún mọ́ ọn kí ọmọ rẹ lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

Nítorí pé ìgbà tí o bímọ ló yọ, mo sọ ọ́ ní Bàbá Kékeré, orúkọ tí mo ń pe ọmọ rẹ gan-an. Mo jáde sí títì, mo kéde rẹ̀ fún tọmọdé tàgbà. Káfíńtà gé pákó, ó fi ọ̀dà kọ orúkọ náà gàdàgbà-gadagba, a rì í mọ́ ibẹ̀. Nígbà tí ẹ bá gbé ọmọ wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, omi tí yóò kọ́kọ́ kan ara rẹ̀ nílé bàbá rẹ̀ àgbà, omi orúkọ rẹ̀ ni. Mo ti ra báàfù tuntun. Ìyá rẹ ní àfi bí òun bá kú. Mo ní kò ní kú, ojú rẹ̀ ni yóò ṣe.

Dúró ná, ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn.

Ọmọ mi, ọjọ́ kejì nìyí. N kò ní ya èyí tí mo ti kọ, ọwọ́ ti ro mí jù. Kà á bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n má kà á sétígbọ̀ọ́ ọkọ rẹ.

Púlọ́ńbà tó ṣe ilé ìgbẹ́ fún wa ló kanlẹ̀kùn. Ìyá rẹ ló lọ pè é láìsọ fún mi. Aláriwo ni ọkùnrin yẹn, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó dé ẹ̀yìnkùlé. Ó wo pákó, ó wo báàfù, ó wo èmi. Ó bi mí pé ta ló fẹ́ wẹ̀. Mo ní ọmọ-ọmọ mi ni. Ó káwọ́ lérí, ó ké yéè! Ó ní omi tí mo fún lórúkọ yìí, inú ilé wa ló ti jáde, ìgbẹ́ ni. Ó ní tánkì abẹ́ ilẹ̀ ti kún dẹ́nu, ó wá ọ̀nà mìíràn gbà yọ. Ó ní bí ó bá kó sí ọmọ ìkókó lẹ́nu, ìgbẹ́ gbuuru lè gbà á lọ́wọ́ wa kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo jókòó sórí báàfù. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi. Ọmọ tí n kò tíì rí sójú, ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi ṣe é léṣe. Orí ìyá rẹ ló kó gbogbo wa yọ.

Púlọ́ńbà ṣí ìdérí tánkì. Kí ni kò fi igi fà jáde? Àkísà, ìyẹ́ adìẹ, òróró tó ti dì gbagidi, àti fìlà mi tí mo ní káfíńtà ló jí i. Púlọ́ńbà bi mí pé èèyàn mélòó ló ń lo ibẹ̀. Mo ní èmi àti ìyá rẹ ni. Ìyá rẹ ní kí n sọ òótọ́. Òótọ́ náà ni pé n kì í jẹ́ kí àlejò kúrò nílé mi láìwọ ibẹ̀. Bí ìgbẹ́ kò tiẹ̀ gbọ̀n ọ́n, màá ní kó ṣáà jókòó, kó lè mọ ohun tí ọmọ mi ṣe fún mi. Káfíńtà àtàwọn oníbàárà rẹ̀ náà ń wá. Púlọ́ńbà ní tánkì tí wọ́n kọ́ fún arúgbó méjì ti ń gba gbogbo àdúgbò lálejò, kí ló fẹ́ ṣe bí kò bá bì? Ó ní ṣé òun kò sọ fún mi pé tó bá ti tó bí ọdún mẹ́ta, kí n pe ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́. Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Ṣé èmi mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ ló ń wá?

Ṣùgbọ́n inú mi tún ti ń dùn báyìí, torí mo ti mọ̀ ọ́n! Tánkì ní ikùn, ọmọ mi! Púlọ́ńbà ní àwọn kòkòrò tí ojú kò rí wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ ohun tá a bá rán sí i. Wọn kì í jẹ àkísà, wọn kì í jẹ òróró, ọṣẹ líle tí ìyá rẹ fi ń fọ ibẹ̀ sì ń pa wọ́n. Mo ti gbẹ́sẹ̀ lé ọṣẹ náà. Ẹni tó ń bá ọ ṣiṣẹ́ láìgbowó, ṣé wàá pa á ni? Bó bá ń dún kulúkulú, bí omi bá ń lọ́ra, bí koríko ibì kan bá tutù ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, mo ti mọ ohun tó ń wí. Láàárọ̀ yìí mo lọ yẹ koríko ẹ̀yìnkùlé aránṣọ tó múlé tì wá wò, mo ní ó tutù jù, ó fi ìgbálẹ̀ lé mi jáde. Káfíńtà náà ti fi ọṣẹ fọ ojú títí ojú fi pọ́n, kò jẹ́ mi nígbà tí mo kí i. Sọ fún ọkọ rẹ kó má gbé mọ́tò gba ẹ̀yìnkùlé o, ìdérí tánkì kò lè gbé e. Kànga wa jìnnà síbẹ̀, àmọ́ a ó máa se omi rẹ̀ dáadáa kó tó kan ọmọ.

Ọmọ mi, owó ọkọ̀ afagbẹ́ ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún, báàfù ti gba èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Púlọ́ńbà ní ká má tíì lo ilé ìgbẹ́, ìyá rẹ ti tún ń fi orúnkún yẹn wọ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Bó bá ń kọjá, á wò mí. Ó ń dùn mí. Bó ò bá ṣe é nítorí mi, ṣe é nítorí rẹ̀.

Ó tún ku ọ̀ràn orúkọ. Púlọ́ńbà ti fa pákó tu, ṣùgbọ́n ẹnu ará àdúgbò kò ṣeé fà tu. Aránṣọ ti ń bi ìyá rẹ pé ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀ wá fa Bàbá Kékeré. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó dé, ẹ bá mi wá orúkọ mìíràn tí n ó máa pe ọmọ yẹn.

Ọlọ́run yóò dá a sí fún ọ, òun náà yóò ṣe fún ọ bí o ti ṣe fún wa. Ọ̀nà rẹ kò ní dí, ohun búburú kò ní rí ibi yọ sí ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.

Ìyá rẹ ní kí n fi kún un pé òun ni yóò wẹ ọmọ, kí èmi dúró sí títì.